Bí Àwọn Àgbà Ìbídò Ṣe Jẹ Ìbò Wọn

Ẹ̀yin ọmọ Kìṣí, tilé toko, mo kí yín. Nígbà tí mo dé láti ilẹ̀ Rẹ́mọ, wọ́n ní kí n dìde kí n sọ ohun tí mo rí. Mo dìde. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ohun tí mo rí sọ kò kún ìgbákọ. Ojú ti ń tì mí láti kékeré, kò sì tíì fi mí sílẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó bá ìyá mi lọ sídìí òrí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi máa ń sọ ohun tí ẹnu mi bá kọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ lè gbọ́ ọ dópin, kí ẹni tó bá sì fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe é níbi tí mi ò sí.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè lè má mọ ohun tó ṣe ẹgbẹ́ wa. Àwa obìnrin tí ń ṣe òrí ní Kìṣí, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo la jọ fi ń lọ èso emi. Lẹ́yìn ìbò ìjọba tó kọjá, ọ̀rọ̀ òṣèlú pín wa sí méjì. Àwọn kan wà lẹ́yìn Ìyá Ṣàkírà, àwọn kan wà lẹ́yìn Ìyá Adíjà. Ọwọ́ Ìyá Adíjà ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ́ńjìnnì wà. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ní ẹni tó bá dìbò fún àwọn yẹn kó padà sídìí odó. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣàkírà ni obìnrin tó mọ ẹ́ńjìnnì náà tàn wà. Apá kan ní kọ́kọ́rọ́, apá kejì ní ọwọ́ tí ń tan án. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe padà sídìí odó, tiwọn tiwa, tí àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wa sì ń bó.

Ìgbà náà ni Tíṣà Bọ́sẹ̀, ọmọ ìlú wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ṣàgámù, ránṣẹ́ sílé. Ó ní irú ìjà wa gan-an ló wà láàárín àwọn àgbẹ̀ obì àti àwọn oníṣòwò obì níbẹ̀, ó ní òun àti àwọn kan ń pe gbogbo wọn jọ sí àpérò, kí wọ́n lè tún kọ́ bí a ṣe ń fi ìbò yanjú ọ̀rọ̀ láìtú ìlú ká. Ó ní kí a rán ẹnì kan wá wò ó.

Ta la máa rán? Ẹni tí apá kan bá pè, apá kejì á ní òpùrọ́ ni. Títí Ìyá Ṣàkírà fi sọ pé, "Ẹ rán Sifáwù."

Ìyá Adíjà wò mí. "Sifáwù tí kì í sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, níbo ló ti fẹ́ rí ẹnu purọ́ fún wa?"

Ìyá Adíjà ronú díẹ̀, ó ní òtítọ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí lẹ́yìn ìbò nìyẹn. Wọ́n di òrí fún mi, wọ́n ní bí mo bá rí ọ̀nà tí apá méjèèjì lè gbà, kí n mú un bọ̀. Bí mi ò bá rí i, wọn á ta ẹ́ńjìnnì náà, ẹgbẹ́ á sì tú.

Ibi tí igbó ti di ògiri

Mi ò ní sọ ti mọ́tò. Gbogbo mọ́tò ló rí bákan náà lójú ẹni tí èébì ń gbé. Bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ojú máa ń rìn jìnnà. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ lọ́nà oko, wàá ti fi ìrìn rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wàá sì ti múra ohun tí o máa fi kí i sílẹ̀. Lẹ́yìn Ìbàdàn, igi bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọ̀nà. Nígbà tí a fi máa wọ Rẹ́mọ, igbó ti di ògiri lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó ń bọ̀ kàn máa yọ sí ọ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó ni, o ò sì tíì ronú ohun tí o máa wí. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé ìlú kan ni Ṣàgámù. Tíṣà Bọ́sẹ̀ tó wá pàdé mi sọ fún mi nínú kẹ̀kẹ́ pé ìlú púpọ̀ ni, pé ogun ló kó wọn jọ láyé àtijọ́, nígbà tí ogun sì parí, wọ́n kọ̀, wọn ò túká. Ìbídò tí a ń lọ wà lára wọn. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àwọn tó ti gbé pọ̀ tó báyìí, kí ló tún kù tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí. Lẹ́yìn náà mo rántí pé ilé ẹ́ńjìnnì wa kò ju yàrá kan lọ.

Òórùn obì pàdé wa kí a tó dé ilé tí mo máa wọ̀ sí: òórùn ewé tútù àti ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú ohun kan tó korò díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Yèsí rèé?" ni ohùn obìnrin kan wí láti inú ilé.

Mi ò mọ̀ pé "ta nìyẹn" ni wọ́n ń fi yèsí béèrè. Mo dúró. Ó tún béèrè, mo tún dúró. Ilẹ̀kùn ṣí, Alhaja Múìbátù yọjú, obìnrin kúkúrú tó so gèlè kékeré, ọwọ́ rẹ̀ pupa fún omi obì. Oníṣòwò obì ni, òun sì ni olórí àwọn oníṣòwò ní Ìbídò.

"Ìwọ lọmọ Kìṣí?"

Mo kúnlẹ̀, mo mi orí.

"Wọlé. Ọ̀nà jìn lóòótọ́, o gbàgbé ẹnu rẹ sínú mọ́tò."

Àwọn obìnrin tó ń bó obì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi, tí ẹnì kan ń sún àpótí fún mi, tí ẹlòmíràn ń bomi fún mi. Ìwà àwọn ará Rẹ́mọ nìyẹn. Wọn á fi ẹnu gún ọ, wọn á sì ti fi ọwọ́ gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè ọ́.

Oúnjẹ àlejò

Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ náà. Ewùrà tí àwa kì í kà sí iṣu gidi, òun ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń fi epo, ata àti ẹja sè, tó máa wá rí rọ́gọrọ̀gọ nínú àwo. Mo wò ó, mo rò pé oúnjẹ aláìsàn ni.

"Jẹ ẹ́," ni Alhaja wí. "Kò ní bù ọ́ jẹ."

Mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ará wa, mo lá àwo. Gaàrí wọn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ó kan débi pé ojú mi fún pọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí lẹ́nu. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kí gaàrí rí nìyẹn, pé tiwa ni kò jinná. Mo fún Alhaja ní òrí tí ẹ di fún mi. Ó fi pa orúnkún rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ní, "Orúnkún mi ń béèrè pé àwọn wo ló ń gbé Kìṣí."

Mo bá wọn ṣe obì. Obì kì í gbé inú agbọ̀n kó sinmi. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa tú u, kí wọ́n máa yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ewé rẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, gbogbo agbọ̀n ló máa ràn. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Kò béèrè ọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìdí ìjà wọn. Ìbídò ni ọjà obì wọn ti ń ná láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbẹ̀ wá ní àfi kí ó kúrò, kí ó lọ sí ọ̀nà Likosi, nítòsí oko. Lẹ́yìn ìbò ìjọba, ọ̀rọ̀ náà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó bá fẹ́ Likosi, wọ́n á ní ó wà nínú ẹgbẹ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ Ìbídò, wọ́n á ní ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tọ̀hún. Àga ni wọ́n fi parí ìpàdé tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Àwọn àgbẹ̀ kan ti dá obì wọn dúró sóko, àwọn oníṣòwò kan sì ti búra pé àwọn ò ní dé Likosi títí ayé.

"Kí n máa ru agbọ̀n wọ inú igbó?" ni Alhaja bi mí. "Èmi Múìbátù?"

Tíṣà Bọ́sẹ̀ mú mi dé ọ̀nà Likosi lọ́dọ̀ Bàbá Odùsànyà tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀. Bàbá gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, màrìwò ọ̀pẹ wà lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀ níbi tó ti ń bọ Ògún. Ó sun àgbàdo fún wa, ó sì bó èyí tó jinná jù fún mi, nítorí pé àlejò ni mí.

"Ṣé ọ̀dọ̀ Múìbátù lo wọ̀ sí?" ló bi mí. "Ó ń fún ọ lóúnjẹ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló burú, ọbẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Obì tí mo gbìn, tí mo ká, ó ní kí n tún rù ú wá bá òun nínú yàrá." Ó yí àgbàdo rẹ̀ padà lórí iná. "Kí wọ́n dìbò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé bébà wá, èmi ò lọ. Bébà la rí tí a fi ń bínú yìí."

Obì tí mo fi orúnkún gbé

Nítorí ọ̀rọ̀ bébà yìí ni Tíṣà Bọ́sẹ̀ ṣe ní obì ni wọ́n máa fi dìbò. Kò sí ẹni tí kò mọ obì nínú wọn, kò sì sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwòrán rẹ̀ wà lára obì. Olúkúlùkù á gba obì gbànja kan. Agbọ̀n méjì wà lẹ́yìn pátákó ìkọ̀wé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ọ̀kan fún Ìbídò, ọ̀kan fún Likosi. Wọ́n á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ju obì wọn sínú èyí tó wù wọ́n.

Lọ́jọ́ náà gbọ̀ngàn kún. Àwọn àgbẹ̀ jókòó lápá òsì, àwọn oníṣòwò lápá ọ̀tún, àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò. Wọn ò kí ara wọn. Tíṣà sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé ìbò náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi ojú bá ara wọn jà lọ́wọ́, mi ò mọ iye tó gbọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo obì lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi tí mi ò sí lápá kankan ni kí n pín in, òun sì lọ dúró ti àwọn agbọ̀n lẹ́yìn pátákó.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá Odùsànyà. Ẹ̀yin ìyá mi ló kọ́ mi, ẹ dá mi lẹ́jọ́: ta ni nínú yín tó máa dúró lóòró na obì sí àgbàlagbà? Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó tẹ̀lé e, àti fún gbogbo àgbà tó wà níwájú, lápá òsì àti lápá ọ̀tún.

Bàbá Odùsànyà gba obì, ó gbé e sókè. "Obì ló ní kó bi ikú fún wa."

"Àṣẹ," ni àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáhùn.

"Obì ló ní kó bi àrùn. Ọmọ àlejò yìí tó kúnlẹ̀ fún wa, á délé láyọ̀."

"Àṣẹ." Lápá ọ̀tún, wọ́n ní, "Àmín."

Ó la obì náà sí awẹ́ méjì. Àgbà kì í wà níjòókòó kí obì fò ó, ẹni tó sì dàgbà jù nínú gbọ̀ngàn náà ni ẹ̀gbọ́n Alhaja, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, apá ọ̀tún ló sì jókòó sí. Bàbá Odùsànyà wo àlàfo yẹn. Ó dìde, ó rìn kọjá rẹ̀, ó fi awẹ́ kan sí bàbá arúgbó náà lọ́wọ́. Bàbá arúgbó gé díẹ̀ jẹ, ó na ìyókù sí Alhaja, àbúrò rẹ̀. Alhaja fi sẹ́nu kó tó mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Kí n tó ṣẹ́jú, obì ti ń lọ, obì ti ń bọ̀, wọ́n ń là á, wọ́n ń pín in, wọ́n ń gbàdúrà, àlàfo náà sì kún fún èèyàn.

Lẹ́yìn pátákó, Tíṣà Bọ́sẹ̀ dúró títí, kò rí ẹnì kan. Ó yọrí. Gbogbo ẹnu ló ń jẹ.

"Ẹ̀yin àgbà," ló wí, "ìbò yín dà?"

"Ìbò wo?" ni Bàbá Odùsànyà bi í.

"Obì tí Sifáwù fún yín, sà."

Bàbá fi ọwọ́ nu ètè. "Ó ku díẹ̀ níbí. Àbí kí n pọ̀ ọ́?"

Alhaja ní, "Èmi rò pé ti ìkíni nìyẹn, pé ti ìbò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ yìí kúnlẹ̀, Tíṣà. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ gbé obì fún mi, kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Èmi ni mo fi ìkúnlẹ̀ sọ ìbò di obì àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń dìbò, òun ò tíì jẹ èyí tó dùn tó báyìí. Ẹ̀rín náà wó gbọ̀ngàn. Mo rí àgbẹ̀ kan tó di èjìká oníṣòwò kan mú kó má baà ṣubú.

"Ẹ jẹ́ ká tún un dì," ni Bàbá Odùsànyà wí nígbà tó rẹ́rìn-ín tán. "Ẹ mú ohun tí a ò lè jẹ wá. Ẹ má mú èkùrọ́ wá o, mo mọ àwa."

Wọ́n ń kọ́lé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, òkúta wẹ́wẹ́ wà ní òkìtì níwájú rẹ̀. Àgbà àti ọmọdé jáde lọ ṣa òkúta kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó rántí apá òsì tàbí apá ọ̀tún mọ́ nígbà tí wọ́n padà jókòó.

Nígbà tí gbogbo wọn dìbò tán, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó máa kà á. Bàbá ní kí ọmọ Kìṣí kà á.

"Ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi o," ni Alhaja wí.

"Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ, ó jẹ àgbàdo mi. Ikùn rẹ̀ ti gba ọ̀tún gba òsì."

Mo bẹ̀rẹ̀. "Gbé ohùn sókè, ọmọ," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Mo gbé e sókè díẹ̀. "A ò gbọ́." Ìgbà náà ni mo rí i pé bí wọn ò bá gbọ́ mi, wọ́n lè sọ lọ́la pé mi ò kà á dáadáa, wọn á sì tún gbé àga. Mo mí kanlẹ̀. Mo kà á bí ẹni tó ń pe ọmọ láti oko. Mo ń gbé òkúta kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo ojú lè rí i, mo ń gbọ́ ohùn mi tó ń kọ lu àjà tó ń padà wá bá mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní irú ohùn yẹn lára.

Likosi ló borí, kò sì fi púpọ̀ borí.

Gbogbo wọn wo Alhaja. Ó jókòó, ojú rẹ̀ le. "Awẹ́ obì Odùsànyà ṣì wà lẹ́yìn eyín mi," ló wí. "Mi ò lè tu ú." Ó dìde, ó sì lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni.

Mo ṣì ń bínú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọjà yẹ kó ná, mo rò pé kò sẹ́ni tó máa jáde. Mo gbọ́ Alhaja nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń ráhùn sí ewé, ó ń ráhùn sí ojú ọjọ́.

"Alhaja, ẹ kú ìdájí," ni mo wí. "Ṣé kí n tú agbọ̀n ni?"

"Kí o dì í. Likosi la ń lọ."

Mo wò ó. Ó rí i pé mò ń wò ó.

"Mo ṣì ń bínú," ló wí. "Di agbọ̀n."

Ó bínú dé Likosi. Ó bínú sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Odùsànyà ti tún abẹ́ igi kan gbá fún un, níbi tí ibòji ti dára jù, ó sì gbé àpótí síbẹ̀. Alhaja jókòó lórí àpótí náà, ó ní ó gíga jù. Bàbá fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó rẹ àpótí náà sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná obì, ariwo wọn sì pọ̀ bíi ti ọjà gidi.

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ nílé, Alhaja di gbànja sínú ewé fún mi. Ó ní, "Ẹ jẹ èyí ná kí ẹ tó ṣe ohunkóhun."

Nílé

Mo ti sọ pé mi ò rí sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé. Ìyá Ṣàkírà jókòó níbí, Ìyá Adíjà jókòó lọ́hùn-ún, kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró rẹ̀. Mo sọ ti obì tí wọ́n jẹ, mo sọ ti Alhaja tó ń bínú tó ń di agbọ̀n, ohùn mi sì gbẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó kéré tán. Mo bá kúnlẹ̀. Mo gbé obì Ìbídò fún Ìyá Adíjà nítorí òun ló dàgbà jù. Ó wò mí, ó mọ ohun tí mò ń ṣe, ṣùgbọ́n àgbà wo ló máa kọ obì tí a fi orúnkún gbé? Ó gbàdúrà sí i, ó là á. Awẹ́ kejì tọ́ sí Ìyá Ṣàkírà. Ó na ọwọ́. Ìyá Ṣàkírà dìde wá gbà á.

Ẹ̀yìn ìgbà tí obì tán lẹ́nu wa ni mo gbé ìkòkò méjì jáde, ọ̀kan fún Ìyá Ṣàkírà, ọ̀kan fún Ìyá Adíjà, kí a fi òkúta yan olórí tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ka òkúta, mo sì kà á kó dún. Ìyá Ṣàkírà la yàn ṣe olórí ẹgbẹ́.

Ìyá Adíjà tẹjú mọ́ ilẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé gbogbo ìrìn mi ti já sí asán. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i tú, kókó náà ti le. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sí Ìyá Ṣàkírà lọ́wọ́.

"Gẹ́gẹ́ bí Alhaja Ìbídò ti wí," ló wí, "mo ṣì ń bínú. Ẹ lọ tan ẹ́ńjìnnì."

Wọ́n tàn án. Ó kọ́kọ́ tú èéfín sí wa lójú, ó sì dáhùn. Àwọn obìnrin ń kígbe, wọ́n ń gbé emi bọ̀ láti ilé gbogbo, wọ́n ń pe orúkọ mi. Ariwo ẹ́ńjìnnì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún lè ní kí n sọ̀rọ̀.